Ṣé "ìtúdè ère" la ó máa pè é?

Ẹ̀gbọ́n wa ará Kétu dá a lábàá pé ká máa lo "ìtúdè ère" fún ohun tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní déboulonnage, ìyẹn yíyọ ère tó ń bí aráàlú nínú kúrò ní gbangba. Mo rí ibi tí wọ́n ti mú un: títú irin tí wọ́n fi de nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ìdè ta lẹ fẹ́ tú? Ère oníṣòwò ẹrú lère Edward Colston tí àwọn olùwọ́de fà lulẹ̀ ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 7 oṣù Òkúdù 2020. Nígbà tó wà nídìí iléeṣẹ́ Royal African Company, nǹkan bí 84,000 ọmọ Áfíríkà ni wọ́n kó gba orí òkun. Nǹkan bí 19,000 kú sọ́nà. Ouidah tiwa níbí wà lára ibi tí wọ́n ti kó wọn. Ọwọ́ àwọn yẹn ni ìdè wà. Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹrú ta ẹni tó tà á lọ́rẹ.

"Ìwólulẹ̀" tí ẹlòmíì mú wá náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ilé ń wó, igi ń wó, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Okùn ni wọ́n so mọ́ Colston, wọ́n fà á, wọ́n yí i dé èbúté, wọ́n tì í sómi. Wọ́n sì ti yọ ọ́ jáde. Ó di ohun àfihàn ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Tèmi ni "ìrọ̀lóyè ère". Ẹ má rẹ́rìn-ín. (Àwa ará Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ oyè kì í jìnnà sẹ́nu wa.) Colston kú ní 1721, àmọ́ 1895 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ère rẹ̀ dúró, tí wọ́n kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ pé ó wà lára àwọn ọmọ ìlú náà tó gbọ́n jù, tó sì níwà jù. Bí ìyẹn kì í bá ṣe oyè, kí là ń pè lóyè? Ọ̀rọ̀ yìí gba ti ère Cecil Rhodes, òyìnbó amúnisìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Yunifásítì Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà ní 2015 pẹ̀lú: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn, ìgbìmọ̀ yunifásítì fọwọ́ sí i, ẹ̀rọ gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó fi okùn fà á, síbẹ̀ wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Tá a bá fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, "fà lulẹ̀" àti "gbé kúrò" ti wà nílẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí nípa ère obìnrin adúláwọ̀ tí wọ́n gbé sórí pèpéle Colston ní oṣù Agẹmọ ọdún náà, tí ìjọba ìlú kó kúrò lọ́jọ́ kejì. Mi ò ní pe ìyẹn ní ìrọ̀lóyè. Ìlú ò tíì fi í joyè.