Fíìmù àkọ́kọ́ mi lórí ogun, owó ò tó: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ fíìmù. Mò ń ṣe fíìmù kan nípa àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Kò sí iléeṣẹ́ kankan lẹ́yìn mi, owó díẹ̀ tí mo tù jọ ni mo ń ná. Fóònù ni mo fi ń yà á. Máíìkì kékeré tó ṣeé há mọ́ aṣọ ni mo kọ́kọ́ rà, torí èèyàn lè fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ohùn bá dàrú, kò sẹ́ni tó máa jókòó gbọ́ ọ. DaVinci Resolve, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gé fíìmù, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ni mo fi ń gé e. Ìyẹn ò yọ mí lẹ́nu.

Ààbò àwọn tó bá mi sọ̀rọ̀ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ìyá kan ní òun máa sọ tẹnu òun, ṣùgbọ́n kí n má fojú òun hàn. Ọwọ́ wọn nìkan ni mo yà, bí wọ́n ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́ ilé wọn tí àwọn kan ti dáná sun. Ṣé kí n kàn yí ohùn wọn padà lórí kọ̀ǹpútà ni? Ẹ̀rù ń bà mí, torí àwọn èèyàn lè dá irú ohùn bẹ́ẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Àbí kí ẹlòmíì ka ọ̀rọ̀ wọn? Ìrora ohùn wọn gan-an ni mi ò fẹ́ pàdánù.

Fóònù tún máa ń kọ ibi tá a ti ya fídíò sínú fáìlì. Báwo lẹ ṣe ń pa ìyẹn rẹ́ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni?