Báwo lẹ ṣe bá ọkọ yín sọ ọ́ tó fi gbà láti lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi àti ọkọ mi ti ń wá ọmọ ọjọ́ ti pẹ́, àmọ́ èmi nìkan ni mò ń lọ hòsípítù. Mo ti ṣe scan, wọ́n ti yẹ hòmóònù mi wò, mo tún ṣe HSG, èyí tí wọ́n máa ń ti oògùn gba ojú ara wọlé kí wọ́n fi X-ray wò ó bóyá ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dí, ó dùn mí débi pé mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n ní kò dí.

Dókítà wá ní ó ku ọkọ mi, kó wá ṣe tẹ́ẹ̀sì àtọ̀. Bó ṣe gbọ́ báyìí ló fàbínú yọ, pé nǹkan òun ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Dókítà sì ti ṣàlàyé pé ìyẹn ò ní kí àtọ̀ má níṣòro, iṣan tó wú níbi kóró ẹpọ̀n lè fà á, sìgá lè fà á, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló sì nítọ̀ọ́jú. Màmá ọkọ mi ń gbé àgbo wá, èmi nìkan ló ń bu ún fún!

Àdúrà ò dúró o, ìyẹn kọ́ ni mò ń bèèrè. Ẹ̀yin tọ́kọ yín kọ́kọ́ kọ̀, kí lẹ sọ tó fi gbà? Ṣé ẹnì kan wà tí ọkọ ẹ̀ gba àtọ̀ nílé tó sì gbé e dé láàbù kí wákàtí 1 tó pé?