Ta ló lè bá mi wá orúkọ kan lára ògiri Sínágọ́gù Pinkas ní Prague?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. London ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà, màmá kan tó jẹ́ Júù ni mò ń tọ́jú. Ọmọ ìlú Kolín, ní Czech, ni bàbá ìyá wọn. Àwọn Násì ará Jámánì kó àwọn Júù ìlú náà lọ lọ́dún 1942, díẹ̀ ló padà. Bí màmá ṣe gbọ́ pé mò ń lọ sí Prague, wọ́n ní kí n bá àwọn ya fọ́tò orúkọ bàbá náà.

Háà! Orúkọ bí 80,000 àwọn Júù ilẹ̀ Czech tí àwọn Násì pa ni wọ́n fi ọwọ́ kọ sára ògiri yẹn: orúkọ ìdílé pupa, orúkọ àbísọ dúdú, gbogbo ẹ̀ há mọ́ra bí èèrà tó rí ṣúgà. Ayàwòrán méjì, Václav Boštík àti Jiří John, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1954. Ọ̀rinrin bà á jẹ́, wọ́n tún un kọ láàárín 1992 sí 1996. Ìlú-ìlú ni wọ́n tò ó. Mo rí Kolín, àmọ́ òkè lọ́hùn-ún ni, fọ́tò tí fóònù mi yà ṣe bàìbàì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé níbẹ̀, ṣé wọ́n ń jẹ́ kéèyàn gbé kámẹ́rà ńlá wọlé? Àbí ìwé kan wà tí wọ́n kọ orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan sí, tí mo lè bèèrè fún? Màmá ti pé 91. Láràárọ̀ ni wọ́n ń bi mí pé, "Ṣé o rí i?" Ṣe ni mo máa ń ní kí wọ́n mu tíì wọn kó tó tutù.