Ọdẹ inú pọ́díkáàsì àti àwọn tó ń jí ẹran pa: ẹ wá gbọ́ tèmi, kẹ́yin náà sọ tiyín

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọdẹ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn ọdẹ. Tí mo bá ń wa mọ́tò lọ síbi tó jìn, pọ́díkáàsì àwọn ọdẹ, ìyẹn ètò téèyàn ń gbọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló máa ń wà létí mi, mo sì ti jàǹfààní ẹ̀ gan-an, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ béèyàn ṣe ń ṣọ́ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, bí wọ́n ṣe ń tọ ipa ẹ̀jẹ̀, àti ìdí tó fi yẹ kéèyàn ní sùúrù kó tó tẹ̀ lé ẹran tí ọta bà níkùn. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni ọwọ́ yẹpẹrẹ táwọn kan fi ń mú ọ̀rọ̀ jíjí ẹran pa, ìyẹn pípa ẹran igbó láìbófin mu. Wọn ò ní sọ pé ó dáa o, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi gbé e kọjá.

Àlejò kan wá sórí ètò kan tí mo máa ń gbọ́, ó ń ròyìn akọ àgbọ̀nrín ńlá kan tó ti ń wá tipẹ́. Ó ní nígbà tó máa yọ, ilẹ̀ ti ṣú, òun ò rí ìwo ẹ̀ dáadáa mọ́, òjìji ẹ̀ lásán lòun rí, lòun bá yìnbọn. Olóòtú bú sẹ́rìn-ín, ó ní aago ẹ ti fi díẹ̀ lọ sẹ́yìn nìyẹn, ni wọ́n bá bọ́ sórí irú ọta tó lò. Ó tán! Lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀ l'Amẹ́ríkà, tí ìṣẹ́jú 30 bá ti kọjá lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, wọn ò gbà kéèyàn yìnbọn fún àgbọ̀nrín mọ́, kì í sì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ni ọdẹ lára. Ẹni tí ò ríran ò lè mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹran yẹn, ó lè jẹ́ èèyàn. Ẹran tí ọta ò bà dáadáa lóru á sá wọgbó, á jẹ̀rora títí táá fi kú síbi tẹ́nikẹ́ni ò ti ní rí i, kò wúlò fún ọdẹ, kò wúlò fún igbó. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó pẹran kò ní fẹ́nì kan jẹ. Mo gbà, ìyà ọdẹ pọ̀. Ṣùgbọ́n ìyà tó jẹ ẹ́ ò sọ pé kó o yìnbọn lókùnkùn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni ọmọkùnrin kan tá a jọ máa ń lọ sígbó. Kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ọdẹ, pọ́díkáàsì ló sì kọ́ ọ ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan à ń bọ̀ nílé, àgbọ̀nrín kan dúró lẹ́bàá títì, iná mọ́tò ti gba ojú ẹ̀, ó kàn ń wò wá ni, kò lè sá. Ó ní "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró, ẹ jẹ́ n yọ ìbọn." Mo ní rárá o. Ó ní ṣebí olóòtú báyìí náà sọ ọ́ lórí ètò ẹ̀ pé òun ṣe é rí, gbogbo wọn ló sì rẹ́rìn-ín. Mi ò dúró. Mo bá a sọ̀rọ̀ títí a fi délé, pé ẹran gbọ́dọ̀ láǹfààní láti sá fún ọdẹ, pé ìlànà yẹn ti pẹ́, òun ni ẹgbẹ́ ọdẹ Boone and Crockett, tí Theodore Roosevelt tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1887, ń polongo tipẹ́tipẹ́. Ó gbọ́ mi, inú ẹ̀ ò dùn, àmọ́ ó gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tọ́rọ̀ ti wá. Láyé àwọn tó ń pa ẹran tà lọ́jà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹran igbó Amẹ́ríkà run. Irú ẹyẹlé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń fò kọjá ojú ọ̀run á ṣú, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn kú sí ọgbà ẹranko ní Cincinnati ní September 1, 1914. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ṣe òfin. Òfin Lacey ti ọdún 1900 ló sọ ọ́ di ẹ̀sùn ìjọba àpapọ̀ téèyàn bá gbé ẹran tó pa láìbófin mu kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíì. Láti 1937, owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ìbọn gígùn àti ọta, tó jẹ́ ìdá 11 nínú 100 báyìí, ń lọ síbi ìtọ́jú ẹran igbó. Owó ọdẹ nìyẹn o! Ẹni tó ń jí ẹran pa, àwa tá à ń gba láísẹ́ńsì ló ń jà lólè.

Mi ò ní kó gbogbo wọn pọ̀ o. Ètò tó dùn jù tí mo gbọ́ rí ni èyí tí wọ́n pe aṣọ́gbó kan sí, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi ìfun àti ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú igbó wé ẹran tó wà nínú fìrísà, tí àyẹ̀wò DNA á sì sọ pé ẹran kan náà ni. Iléeṣẹ́ àyẹ̀wò kan wà ní Ashland ní Oregon tó jẹ́ pé ìwà ọ̀daràn sí ẹranko nìkan ló wà fún. Wọ́n tún máa ń gbé àgbọ̀nrín oníróbọ́ọ̀tì sẹ́bàá títì, orí á máa yí, ìrù á máa jù, ẹni tó bá yìnbọn fún un látinú mọ́tò, ọwọ́ bà á nìyẹn. Mo fi ètò náà ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin yẹn. Mo sì kọ̀wé sí olóòtú tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, ó kà á sórí ètò, ó ní ó yẹ kóun bi àlejò òun ní ìbéèrè lọ́jọ́ náà.

---

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbé e jáde. Èmi kì í ṣọdẹ, èmi ni mo máa ń gé ohùn fún ètò ọdẹ kan, torí náà mo máa ń gbọ́ ohun tẹ́yin ò gbọ́. Àlejò á sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, táàgì ìyàwó ẹ̀, ìyẹn ìwé tó fàyè gba ìyàwó yẹn láti pa ẹran kan, ló lò tàbí ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ ẹ̀, tó bá wá parí á ní "ẹ bá mi yọ ibẹ̀ yẹn". Mo sọ fún ọ̀gá mi pé mi ò ní máa yọ ọ́ mọ́, pé ká má gbé ìtàn yẹn jáde rárá ló dáa, torí tá a bá yọ apá tó burú, tá a fi ìwo ńlá sílẹ̀, àwa náà ti bá a bò ó mọ́lẹ̀. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní àwọn onígbọ̀wọ́ ìwo ńlá ni wọ́n ń fẹ́, àwọn èèyàn náà ìwo ńlá ni wọ́n ń wá gbọ́. Òótọ́ ni. Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn, ìpolówó àti view ń ti èèyàn láti máa pa èyí tó tóbi jù ní gbogbo àsìkò ọdẹ. Ẹ rántí tọkọtaya kan tó gbajúmọ̀ fún fídíò ọdẹ, wọ́n gbà lọ́dún 2022 pé àwọn jẹ̀bi ẹ̀sùn òfin Lacey lórí ọdẹ tí wọ́n ṣe ní Nebraska. Nígbà tí mo fi ìròyìn yẹn han ọ̀gá mi ló tó gbà.

---

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀ díẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa tó pa ẹran kan láìgbàṣẹ àti ẹni tó gé orí àgbọ̀nrín lọ tó fi gbogbo ara ẹ̀ sílẹ̀ kó jẹrà, òfin lè mú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ojú kan náà wò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà lohun tí òfin gbà kì í fìgbà gbogbo tọ́. Kìnnìún tí wọ́n ń pè ní Cecil, tí ọdẹ ará Amẹ́ríkà kan pa nítòsí ọgbà ẹranko Hwange ní Zimbabwe lọ́dún 2015, ọfà ló kọ́kọ́ bà á, ọ̀pọ̀ wákàtí ló sì lò kí wọ́n tó pa á tán, ìjọba Zimbabwe wá ní ìwé ọdẹ náà pé, àwọn ò ní pè é lẹ́jọ́. Mo gbọ́ pọ́díkáàsì tí wọ́n fi "ìwé ẹ̀ pé" parí ọ̀rọ̀ náà, inú bí mi.

Èmi rí ara àgbọ̀nrín tí wọ́n ti gé lórí lọ, ó wà nínú koríko nítòsí ọ̀nà, ẹran ara ẹ̀ pé pérépéré, wọn ò mú ìwọ̀n ìkúùkù lára ẹ̀. Mo ya fọ́tò, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan, mo pe nọ́ńbà àwọn aṣọ́gbó, wọn ò tiẹ̀ béèrè orúkọ mi. Wọ́n bá ipa taya mọ́tò níbẹ̀ àti àpótí ọta kan. Nígbà tó yá mo gbọ́ pé wọ́n gba láísẹ́ńsì ẹnì kan, àti pé àwọn ìpínlẹ̀ yòókù tó bá ìpínlẹ̀ náà ṣàdéhùn lórí irú ọ̀rọ̀ yẹn ò ní fún un ní tiwọn. Ẹni tó bá rí irú ẹ̀, ẹ má tú ibẹ̀ ká, ẹ kọ nọ́ńbà mọ́tò tẹ́ ẹ bá rí i, kẹ́ ẹ sì tètè pè kí òjò tó fọ ibẹ̀.