Bí ọ̀rọ̀ jẹ́n ẹ̀yìn fèrèsé mi ṣe parí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi tí mo kọ ọ́ síbí pé télọ̀ tá a jọ ń gbélé ní Under G l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ń tan jẹ́n di aago 2 òru tí ọmọ mi ò rí oorun sùn, ó ti yanjú o. Mi ò fi wọ́n sun láńdọ́ọ̀dù. Àárọ̀ Sátidé ni mo lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀, mo ní "ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ọmọ yìí ni ò sùn", àṣé wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé yàrá wa lariwo ń wọ̀, aṣọ ìgbéyàwó ni wọ́n ń lé bá, iná ò sì sí. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kí ọmọṣẹ́ wọn gbé jẹ́n náà lọ ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, a wá ki táyà àlòkù sábẹ́ ẹ̀ torí bó ṣe ń gbọ̀n lórí sìmẹ́ńtì ló ń dá kún ariwo yẹn. Èéfín ẹ̀ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí gáàsì olóró tó wà nínú ẹ̀ kì í rùn, ó sì ń pa èèyàn mọ́jú oorun. Aago 10 alẹ́ ni wọ́n ń pa jẹ́n náà báyìí, tíṣẹ́ bá pọ̀ wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n lọ bá wọn fúnra mi, ẹ ṣé gan-an ni.