Ǹjẹ́ GnuCash tó láti fi ṣètò àkọsílẹ̀ VAT?

Oníṣòwò páànù, Lágere, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Inú ìwé ni mo ń kọ ọjà mi sí láti ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n nígbà tó ti jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ń fi àkọsílẹ̀ VAT, ìyẹn owó-orí ọjà, ránṣẹ́, kí ọjọ́ 21 oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá, ǹjẹ́ GnuCash, ètò kọ̀ǹpútà fún àkọsílẹ̀ owó tí a kì í sanwó fún, lè tó mi lò?

Olùṣírò owó, Iléṣà:
Ó tó yín lò dáadáa, mà. Ẹ ya VAT tí ẹ gbà lọ́wọ́ oníbàárà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹ san nígbà tí ẹ ra ọjà. Bí ẹ bá ta páànù ₦200,000, VAT rẹ̀ jẹ́ ₦15,000, nítorí ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bí ẹ bá ti san ₦9,000 lórí ọjà tí ẹ rà láti tún tà, ₦6,000 ló kù fún ìjọba. Ẹ má sọ rìsíìtì kankan nù.

Onílé ìtẹ̀wé, Ilé-Ifẹ̀:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó tẹ iye náà sórí ìkànnì ìjọba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín sórí fláàṣì lálaalẹ́: kọ̀ǹpútà mi jóná, àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta sì bá a lọ.

Oníṣòwò páànù:
Ẹ ṣeun gan-an. Lálẹ́ òní ni n ó bẹ̀rẹ̀.