Gẹ̀ẹ́sì ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì: ẹ wá sọ tojú yín

Àdùkẹ́ Kọ́ńtà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará òtẹ́ẹ̀lì. Ọmọ tuntun kan dé sí kọ́ńtà wa n'Íkẹjà. Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ dán mọ́rán, àmọ́ bí àlejò bá ti wọlé, "What do you want?" ló ń bi wọ́n. Mo ní kó máa sọ "How may I help you?" Ó ní kí ló wá yàtọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ti rí?

Wéítà Àgbà: Ìyẹn kéré. "Would you mind" ni baba wàhálà. Òyìnbó kan bi ọmọ tó ń gbé oúnjẹ fún un pé "Would you mind if I moved to that table?" Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó ní "Yes sir!" Òyìnbó bá padà jókòó. Nígbà tó yá ó tún dìde, ó tún bi í. "Yes sir, yes sir!" Ọmọ tún ń fọwọ́ júwe tábìlì ọ̀hún fún un. Bàbá wá dúró sójú kan, àwo ọbẹ̀ ata lọ́wọ́, kò mọ ibi tí yóò yà sí. Bóyá yóò dùn ọ́ ni wọ́n ń bi ọ́, "Yes" sì túmọ̀ sí pé o ò fẹ́. "Not at all" ni wọ́n ń dáhùn ẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: 😂😂😂 tòun tàwo lọ́wọ́!

Jẹ́jẹ́ Layé: Èmi ò gba ìtàn yìí gbọ́.

Wéítà Àgbà: @Jẹ́jẹ́ Layé, ṣé ìwọ lo se ata náà ni?

Ìyá Ìbejì Peckham: Èmi gbà á gbọ́ o. Àlejò bi arábìnrin wa kan níbí ní London pé "You don't have any twin rooms?", ìyẹn yàrá oníbẹ́ẹ̀dì méjì. Ó ní "Yes." Lọ́kàn tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, a ò ní. Létí àlejò, a ní. Àlejò bá nawọ́, ó ń retí kọ́kọ́rọ́. Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn. Látìgbà yẹn la ti fi "No, I'm afraid we don't" kọ́ ọ.

Tíṣà Kétárìn: Ẹ jẹ́ n dá sí i díẹ̀. Nínú Yorùbá, "ẹ" ti ṣe gbogbo iṣẹ́ tán. "Ẹ gbé báàgì yín wá", àpọ́nlé ti wà níbẹ̀. Bó bá di "Bring your bag", àpọ́nlé ti jábọ́ lọ́nà, àṣẹ ló kù. "Please" nìkan ò sì tó, "Please sit down" ṣì lè dà bí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. "Shall I take your bag?" "Would you like to sit here?" Ẹ bi í léèrè, ẹ má pàṣẹ fún un.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ti "sorry" ńkọ́? Màmá òyìnbó kan kọsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn wa, gbogbo wa pariwo "Sorry ma!", pẹ̀lẹ́ la ní lọ́kàn. Ó ní kí ló dé, ṣé àwa la tì í?

Jẹ́jẹ́ Layé: Kí ló dé tó jẹ́ àwa la ó máa yí ẹnu padà? Tí wọ́n bá dé Èkó, kí wọ́n kọ́ tiwa.

Àdùkẹ́ Kọ́ńtà: Ṣé ìwọ lo máa san owó oṣù mi?

Wéítà Àgbà: Gbogbo ẹnu dídùn yìí náà, ta ló ń jẹ tip ẹ̀, owó tí oníbàárà fi ń dúpẹ́? Ọ̀gá mi àná, inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀ ló ń kó o sí.

Ìyá Ìbejì Peckham: Kò jẹ́ dán an wò níbí mọ́. Láti 1 oṣù kẹwàá 2024 ni òfin ti ní kí tip àti service charge, owó iṣẹ́ tí wọ́n ń fi kún bílì, dọ́wọ́ òṣìṣẹ́ pátá, àfi owó orí ìjọba nìkan. Service charge 12.5% ló sì sábà máa ń wà lórí bílì ní London.

Jẹ́jẹ́ Layé: Tiwa ńkọ́? Owó orí VAT 7.5%, ìjọba Èkó tún fẹ́ 5% tiẹ̀. Kí oníbàárà tó rántí wéítà, ojú ẹ̀ ti le.

Tíṣà Kétárìn: Ọ̀rọ̀ owó orí kọ́ la bá wá o.

Jẹ́jẹ́ Layé: Òun gan-an ni.

Àdùkẹ́ Kọ́ńtà: Ẹ gbà mí, àlejò kan wà níwájú mi báyìí, AC yàrá ẹ̀ ti kú. Kí ni mo máa sọ?

Tíṣà Kétárìn: "I do apologise. May I move you to another room?"

Àdùkẹ́ Kọ́ńtà: Kò sí yàrá mìíràn.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ṣé Yorùbá ni?

Àdùkẹ́ Kọ́ńtà: Ará Ìjẹ̀bú ni.

Wéítà Àgbà: Kúnlẹ̀ kíákíá!